TA LÓ NÍ KÍ ẸLẸ́ṢIN FÀDÁKÀ SỌ̀ KALẸ̀?

Ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìwọ̀nba àkókò tí oníbàárà kan fi ń ná ọjà, kí n sọ ìtàn ẹlẹ́ṣin kan fún yín.

Ẹlẹ́ṣin yìí kò jagun rí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Orí ẹṣin ló wà láti ọdún 1959 títí di ọdún 1988. Kò sọ̀ kalẹ̀ jẹun, kò sọ̀ kalẹ̀ sùn. Fàdákà ni wọ́n fi ṣe òun àti ẹṣin rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló máa ń yọ lójú tẹlifíṣàn, á yí po lẹ́ẹ̀kan, orin á sì máa lọ lábẹ́lẹ̀. Bí àwọn ará apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti rí i báyìí, wọ́n mọ̀ pé tiwọn ló dé yẹn. Àfi lọ́jọ́ kan ṣáá tí wọ́n ní kó máa lọ.

Kí ló ṣe? Ta ló lé e? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kí ló kàn mí ńbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ kọ orúkọ sára sáìnbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ni.

ÀMÌ LA FI Ń MỌ ỌLỌ́JÀ

Nígbà àwọn bàbá wa, ilà ojú la fi ń mọ ọmọ ẹni. Ẹni tó kọ pélé, a mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ àbàjà, a mọ̀ ọ́n. Bí ogun bá fọ́n ọmọ ká, ilà yẹn ni wọn fi ń tọ́ka ilé fún un.

Nínú ọjà náà ńkọ́? Ṣebí bákan náà ni. Ìyá tí kò ka ìwé kankan rí, bó bá dúró nídìí ọṣẹ tàbí ìdí aṣọ, àwòrán ara ọjà ló ń wò. Á ní, “Èyí tó ní ẹyẹ lára ni o fún mi.” Bí ẹ bá gbé ayédèrú fún un, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á ní, “Ẹyẹ eléyìí ò jọ ti àtijọ́, mi ò rà.” Bẹ́ẹ̀ kò mọ A yàtọ̀ sí B o! Télọ̀ tó bá gbọ́n náà, á rán lébẹ́ẹ̀lì kékeré sọ́rùn aṣọ, kí ẹni tó bá rí i lóde àríyá lè wá a wá sílé.

Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn náà ṣe nìyẹn. Àmì tó ń yọ lójú tẹlifíṣàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì ọrùn aṣọ ni.

ỌJÀ KAN, ILÉ-IṢẸ́ MẸ́Ẹ̀Ẹ́DÓGÚN

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC nìkan ló ń dá tẹlifíṣàn ṣe tẹ́lẹ̀. Owó láísẹ́ǹsì tí àwọn tó ní tẹlifíṣàn nílé ń san ló fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1954, ìjọba ṣòfin pé kí àwọn mìíràn náà wọlé, kí wọ́n máa fi owó ìpolówó ọjà gbọ́ bùkátà ara wọn. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ITV, tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1955.

Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbé e lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí agbègbè-agbègbè. Ẹ fi ojú ọjà wò ó: ọjà kan náà ni, ṣùgbọ́n ìsọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, olúkúlùkù ló ní tirẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1968, ilé-iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ńbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, méjì ló ń pín in lò. Thames ló ni ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, LWT ló ni òpin ọ̀sẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí òfin gbé kalẹ̀ ló dà bí olórí ọjà lórí gbogbo wọn. Òun ló ń pín ìsọ̀, òun ló sì lè gbà á padà bí ọdún tí wọ́n dá bá pé. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn o, a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe eré tirẹ̀, wọ́n sì ń fi eré náà ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa wo eré tí wọ́n ṣe ní Manchester, ẹni tó wà ní Manchester lè máa wo ti Norwich. Ìdí nìyẹn tí àmì fi gbọ́dọ̀ ṣáájú eré, kí òǹwòran lè mọ inú ìkòkò ta ni wọ́n ti bu ọbẹ̀ yẹn.

Olúkúlùkù wá gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Granada ti Manchester, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Sípéènì pè, lo ọfà tó ń tọ́ka sókè, bí ẹni ń sọ pé, “Láti àríwá la ti ń bọ̀!” Thames to àwọn ilé àti ilé-ìṣọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, òjìji wọn sì hàn nínú odò nísàlẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tó lọ kàwé tàbí tó lọ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn, wọ́n mọ àwòrán yẹn bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé.

Ẹ tún rántí eré apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń pè ní Mind Your Language, èyí tí olùkọ́ kan ń kọ́ àwọn àlejò láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wọn sì ń pa wá lẹ́rìn-ín níbí náà? LWT ló ṣe é. Ilà mẹ́ta tó jọra, funfun, búlúù àti aláwọ̀ ọsàn, ni àmì tiwọn. Ilà náà á máa ṣàn bọ̀ bí odò, á tẹ̀, á kọ́, títí á fi di lẹ́tà mẹ́ta tó ń jẹ́ orúkọ wọn.

IBI TÍ ẸLẸ́ṢIN TI WÁ

Wàyí o, Anglia. Ìlú Norwich ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà. Àwọn onílùú ń pè é ní Nọ́rìjì. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni apá ibẹ̀, ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, òkun sì yí i ká lápá kan. Kódà, ilé tí wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì àti sítúdíò, gbọ̀ngàn àwọn àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn ẹran ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn. Wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀ sí Mendlesham tó ga tó ẹsẹ̀-bàtà 1,000, kí àwòrán lè dé ìgbèríko gbogbo.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, wọ́n wá àmì kiri. Alága wọn, Lọ́ọ̀dù Townshend, ló rí ère fàdákà kan tí wọ́n fẹ́ tà. Ọba ilẹ̀ Netherlands ló ní kí wọ́n ṣe ère yẹn ní ọdún 1850, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún ẹni tó bá borí nínú ìdíje. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á. Jagunjagun ayé àtijọ́ ni, ó wọ ẹ̀wù irin, ó gun ẹṣin, ó sì di ọ̀kọ̀ mú lóòró. Àwọn kan ní Ọba Richard tí wọ́n ń pè ní ọlọ́kàn kìnnìún ni. Àwọn mìíràn ní rárá o, Black Prince ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á lọ. Ilé-iṣẹ́ ra ère náà, wọ́n ní kí ilé Asprey, àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tún un ṣe díẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi kún un ni àsíá kékeré kan lórí ọ̀kọ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ “Anglia” sí.

Báwo ni wọ́n ṣe wá gbé e dé ojú tẹlifíṣàn? Ẹ̀yin fọ́tò, ẹ gbọ́ o! Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí idán. Wọ́n gbé ère sórí pẹpẹ tó ń yí, wọ́n tan iná sí i kí fàdákà lè máa dán, wọ́n sì gbé kámẹ́rà dúró níwájú rẹ̀. Pẹpẹ ń yí, ẹlẹ́ṣin ń yí. Bó bá yí tán, kámẹ́rà á sún mọ́ àsíá orí ọ̀kọ̀, orúkọ á sì hàn gedegbe. Ó parí. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni.

Orin tó ń bá a rìn ńkọ́? Orin Handel tí wọ́n ń pè ní Water Music ni, Sir Malcolm Sargent ló tò ó fún wọn. Lórí odò Thames ni wọ́n ti kọ́kọ́ lu orin Handel yẹn fún Ọba George Kìn-ín-ní lọ́dún 1717. Bí àyàn ṣe ń ki ọba bó bá ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni orin yẹn ń ki ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó wà ní kíṣìnnì tí kò tilẹ̀ rí ojú tẹlifíṣàn, etí rẹ̀ á gbọ́, á mọ ẹni tó dé.

ỌJỌ́ MẸ́RIN PÉRÉ SÍ ÌBÀDÀN

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ni Anglia bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn, ǹjẹ́ ọjọ́ yẹn kò rán yín létí nǹkan kan? Ó dáa, ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin lé e. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ọjọ́ tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn!

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló dá WNTV sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n sì jọ dòwò pọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ̀lẹ́bí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ITV ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá? Norwich ní ẹlẹ́ṣin. Ìbàdàn náà ní ohun tó ń fi yangàn: “First in Africa,” àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Adúláwọ̀. Inú ẹni kò ní dùn kó má dá orin.

WỌ́N NÍ Ó TI DÀGBÀ JÙ

Ẹlẹ́ṣin ń yí lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni tẹlifíṣàn aláwọ̀ mèremère bẹ̀rẹ̀ lórí ITV. Nígbà tó kan Norwich, wọ́n tún ya fíìmù ẹlẹ́ṣin náà, kí fàdákà rẹ̀ lè hàn dáadáa. Ẹlẹ́ṣin kan náà ni o, orin kan náà, àwọ̀ ni wọ́n fi kún un.

Ó ṣáájú eré tó gbayì. Survival, tó ń fi ìgbésí ayé ẹranko igbó hàn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1961, ó sì rìn ká ayé. Sale of the Century, ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn tí Nicholas Parsons ń darí, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971. Bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kéde pé láti Norwich ló ti ń bọ̀. Ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò dé rí, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹlẹ́ṣin rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí, kì í ṣe ẹlẹ́ṣin nìkan. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1982 ni Channel 4 bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì tó gbé wá kò jọ tẹnìkankan. Igi pẹlẹbẹ aláwọ̀ oríṣiríṣi á fò wá láti ọ̀tún, á fò wá láti òsì, wọ́n á pàdé láàárín, wọ́n á di 4. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ṣe apá ti kọ̀ǹpútà yẹn. Martin Lambie-Nairn ni orúkọ ọ̀gá tó gbèrò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú wá ń ti àwọn yòókù. Àmì tí wọ́n fi ọwọ́ gbé kalẹ̀, tí wọ́n fi kámẹ́rà yà, wá dà bí aṣọ àná níbi ìnáwó òní.

Anglia náà gba ilé-iṣẹ́ Lambie-Nairn lọ. Nígbà tó di ọdún 1988, àmì tuntun jáde: àsíá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí wọ́n pín sí ìpín-ìpín aláwọ̀ títàn bí ti àwọn ìdílé ọlọ́lá ayé àtijọ́, tó sì dúró bíi lẹ́tà A. Ẹ wò ó dáadáa, àsíá orí ọ̀kọ̀ ló kù, wọ́n mú ọ̀kọ̀ kúrò, wọ́n mú ẹṣin kúrò, wọ́n mú ọkùnrin náà kúrò. Water Music náà dákẹ́.

Kí a sọ tòótọ́, àsíá yẹn kò burẹ́wà. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ó bá ìgbà mu. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ẹlẹ́ṣin dé ti di ẹni ọdún 28, ó ti ní ìyàwó àti ọmọ. Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ẹni tó bá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, kò lè sọ pé àwòrán lásán lòun gbà.

GBÀǸJO TÓ DA ỌJÀ RÚ

Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, pé olórí ọjà lè gba ìsọ̀ padà. Kì í ṣe àwàdà. Southern, tó wà ní gúúsù, àmì ìràwọ̀ ni tiwọn. Ní òpin ọdún 1980, ìgbìmọ̀ kéde pé ẹlòmíràn ni yóò gba ìsọ̀ wọn. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1981 ni wọ́n ṣe ètò ìdágbére. Níparí rẹ̀, ìràwọ̀ wọn yí, ó ń lọ, ó ń lọ, ó sì pòórá sáàárín àwọn ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Ọ̀la rẹ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló jókòó síbẹ̀.

Nígbà yẹn, ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ wo irú eré tí olúkúlùkù lè ṣe kó tó pín ìsọ̀. Àmọ́ lọ́dún 1990, òfin tuntun jáde lábẹ́ ìjọba Margaret Thatcher. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe gbàǹjo. Kí olúkúlùkù kọ iye tó máa san fún ìjọba lọ́dọọdún sínú àpòòwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò iṣẹ́ rere, tí owó rẹ̀ sì pọ̀ jù, ló ni ìsọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iye tí ẹnìkejì kọ.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀! Àwọn Central, tó wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fura pé kò sẹ́ni tó máa bá wọn du tiwọn. Wọ́n bá kọ pọ́n-ùn 2,000. Ẹgbàá péré! Scottish náà kọ 2,000. Wọ́n sì gbà á fún wọn nítorí pé kò sẹ́lòmíràn. Yorkshire ní tiwọn kọ ohun tó lé ní mílíọ̀nù 37. Anglia kọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 17.8, wọ́n sì ríbi jókòó sí. Ọjà kan náà o, ẹnì kan san ẹgbàá, ẹnì kan san mílíọ̀nù. Ẹ ò rí ayé?

Thames ńkọ́, tó ní ilé gogoro àti odò? Wọ́n kọ owó tí kò tó mílíọ̀nù 33. Carlton kọ ohun tó lé ní 43. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, wọ́n kéde pé Carlton ló gbà á. Láago méjìlá òru, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1992, Thames kúrò lórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ọdún 24. Kì í ṣe pé wọn ò mọ iṣẹ́. Kì í ṣe pé ènìyàn ò fẹ́ràn wọn. Ẹlòmíràn ló na ọwọ́ gùn jù wọ́n lọ.

ẸJA ŃLÁ Ń GBÉ KÉKERÉ MÌ

Àwọn tó kù náà kò sinmi. Tẹ́lẹ̀, òfin kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ńlá kan gbé òmíràn mì. Lẹ́yìn gbàǹjo, wọ́n tú okùn yẹn. Lọ́dún 1994, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ MAI ra Anglia. Lọ́dún 1996, MAI dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ oníwèé ìròhìn kan. Lọ́dún 2000, Granada, ọlọ́fà àríwá, ra Anglia lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Anglia gba ọ̀gá tuntun láàárín ọdún méje.

Bí ọ̀gá ṣe ń yí ni àmì ń yí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, wọ́n gbé àwòrán ọkàn jáde fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ITV, kí gbogbo wọn lè jọra, orúkọ agbègbè sì wà lára rẹ̀. Ìyẹn náà ò pẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2002, wọ́n ní kò sí Anglia mọ́, kò sí Granada mọ́, kò sí Carlton mọ́ lójú ẹ̀rọ. ITV1 ni gbogbo yín ń jẹ́. Orúkọ agbègbè á kàn máa yọjú nígbà tí ètò agbègbè bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ṣírò ọjọ́ yẹn o: ó ku ọ̀la kó pé ọdún 43 tí ẹlẹ́ṣin kọ́kọ́ yọ ni o tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá? Ọjọ́ kan péré ló fi kọjá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2004, Granada àti Carlton dara pọ̀, wọ́n di ITV plc. Ẹni tó gba ìsọ̀ Thames àti ẹni tó ra Anglia wá di ilé kan náà.

TA LÓ JÈRÈ, TA LÓ PÀDÁNÙ?

Kí a má dá ẹjọ́ apá kan. Àwọn tó pa àmì agbègbè rẹ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní láti ọdún 1989 tí Sky ti dé láti ojú ọ̀run, ìkànnì ti di rẹpẹtẹ. Oníṣòwò tó fẹ́ polówó ọjà fẹ́ orúkọ kan tó mọ̀, kò fẹ́ orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òǹwòran náà kò bìkítà, eré tó dùn ló ń wá. Wọ́n tún ní owó tí wọ́n fi ń ṣe àmì lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sàn kí wọ́n fi ṣe eré.

Ó dà bí òótọ́. Ṣùgbọ́n àmì kọ́ ni nǹkan àkọ́kọ́ tó lọ. Iṣẹ́ ló ṣáájú lọ. Survival tó rìn ká ayé parí lọ́dún 2001. Eré ńlá tó ń ti Norwich wá fún gbogbo ilẹ̀ ń dín kù. Nígbà tí orúkọ fi máa kúrò lára sáìnbọ́ọ̀dù, ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ti dín kù tipẹ́. Lóòótọ́, ìròhìn agbègbè ṣì wà, orúkọ Anglia ṣì wà lára rẹ̀ títí dòní, ITV News Anglia ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà kù, ẹlẹ́ṣin ló lọ.

Àwọn ará Scotland ní tiwọn kò gbà. Ilé-iṣẹ́ tiwọn kò sí lára ohun tí Granada àti Carlton kó pọ̀. Lọ́dún 2006 wọ́n sọ Scottish àti Grampian di STV, orúkọ yẹn ló sì wà lójú ẹ̀rọ wọn títí di ìsinsìnyí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sí ohun tí wọn ìbá ṣe. Ẹni tó di ilé rẹ̀ mú, ló ń kọ orúkọ tó wù ú sára ògiri.

Ìbàdàn náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀sẹ̀ kan náà wọn jọra. Lọ́dún 1977, ìjọba àpapọ̀ ológun dá NTA sílẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó wà nílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. WNTV, tó ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, di NTA Ìbàdàn. Ti Norwich, owó ló gbà á. Tiwa, àṣẹ ló gbà á. Ṣùgbọ́n àbájáde kan náà ni: àmì kan fún gbogbo ènìyàn, olú ilé-iṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Nígbà tí òfin ọdún 1979 gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè, kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀, Èkó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1980. Ẹ ò rí i? Ènìyàn a máa fẹ́ rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ

Ìyá aláṣọ kan wà ládùúgbò mi. Ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ní sáìnbọ́ọ̀dù ìyá òun ti gbó. Ó pe akọ-sáìnbọ́ọ̀dù, wọ́n pa agboòrùn aláwọ̀ pupa tó ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí rẹ́, wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ síbẹ̀. Ó dára lójú. Àmọ́ oníbàárà láti oko dé, wọ́n rìn kọjá. Wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ọjà pé, “Ìyá Alágboòrùn dà? Ṣé wọ́n ti kó lọ ni?” Bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni wọ́n dúró sí! Kí oṣù tó parí, wọ́n tún kun agboòrùn padà. Ìyá yẹn lè kun tirẹ̀ padà nítorí pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Norwich kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ohun méjì ni mo rí kọ́. Èkíní, àmì tí ojú ènìyàn ti mọ́, owó ni. Kò sí nínú ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n owó ni. Ẹ má tètè pa á rẹ́ nítorí pé ó gbó. Ẹ lè tún un kùn, bí Anglia ṣe fi àwọ̀ kún ẹlẹ́ṣin tiwọn, kí ẹ sì fi ẹni tí ènìyàn mọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Èkejì ló tóbi jù: àmì kò lè gba ẹni tí kò ni ilé. Thames ní àmì tó rẹwà, Southern ní ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìsọ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kun ògiri ṣọ́ọ̀bù àyágbé, tí ẹ ń fi owó gọbọi ṣe sáìnbọ́ọ̀dù oníná, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ọdún mélòó ni ìwé ilé yín gbà. Ẹlẹ́ṣin fàdákà jókòó sórí ẹṣin fún ọdún 28, kò sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí ẹṣin náà dúró lé kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àmì wo ni ẹ rántí tí wọ́n ti pa rẹ́, tó sì ń dùn yín? Lára ọṣẹ ni, lára aṣọ ni, àbí lójú tẹlifíṣàn? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa, kí ẹ sì kọ ọ́ kó yéni. Ojú-ìwé lẹ́tà ń retí yín. Ó dìgbà kan ná.